Iṣẹ́ Tí Growth Factor Ń Jẹ́ Nídìí Eyín, àti Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kó Jẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin àgbà dókítà eyín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wá nítorí eyín tiyín tó ń mì lẹ́nu, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí mo bá wọnú ibi tí ó jinlẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe dókítà jọ̀wọ́ fara dà á fún mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn án, mi ò sì ní í gbàgbé rẹ̀.

Ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Eyín tó máa bá ni kalẹ́ náà, kò yẹ kó ti ìgbà tí agbára ṣì wà máa mì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àgbàlagbà tí eyín ti tán lẹ́nu wọn. Ṣé gbogbo eyín yẹn ló jẹrà? Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn ṣì le koko lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́. Ohun tó di eyín mú ló yọ́ mọ́ ọn nídìí.

Bí a ṣe lè mú kí ohun tó yọ́ yẹn tún hù la fẹ́ sọ lónìí, àti ipa tí àwọn èròjà tí à ń pè ní growth factor ń kó níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Growth factor kì í kọ́ egungun. Oníṣẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́ egungun. Growth factor ló ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó wá, kó pọ̀ sí i, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá dé ibi tí kò séèyàn, ta ni yóò jíṣẹ́ fún? Bó bá sì dé ibi tí èérí àti kòkòrò ti gbà kan, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Kí ló di eyín mú?

Nǹkan mẹ́rin ni. Erìgì tó yí i ká wà níbẹ̀, egungun àgbọ̀n tí gbòǹgbò rẹ̀ jókòó sí wà níbẹ̀. Cementum tún wà, ìyẹn ìpele líle tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gbòǹgbò. Ìkẹrin ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tín tó so cementum mọ́ egungun. Àlàfo tí àwọn fọ́nrán yìí gbà kò ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ, síbẹ̀ àwọn ni kì í jẹ́ kí eyín gbá egungun ní tààrà nígbà tí a bá ń rún ohun líle.

Èérí tí a kò fọ̀ kúrò létí erìgì ni orísun wàhálà. Bakitéríà inú rẹ̀ á mú kí erìgì wú, kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ara á dìde láti bá a jà, ìjà náà bó bá sì pẹ́, òun gan-an ló ń jẹ egungun. Bí a bá ki ọ̀pá ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín erìgì àti eyín, mìlímítà 1 sí 3 ló dára. Bó bá wọ 4 tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fura. Bó bá wọ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpò jíjìn ti wà níbẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ẹnikẹ́ni kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá fọ gbòǹgbò náà mọ́ dáadáa, wíwú á lọ, ẹ̀jẹ̀ á dá, àpò á dínkù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n egungun tó ti lọ kò ní í padà. Awọ erìgì ló kàn rọ̀ mọ́ gbòǹgbò láti òkè délẹ̀. Kò sí fọ́nrán tuntun lábẹ́ rẹ̀, kò sí cementum tuntun. Àpò náà kò dun aláìsàn mọ́, ṣùgbọ́n ìdí eyín kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ dé ojú gbòǹgbò?

Ní 1976, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Melcher gbé èrò kan kalẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní: irú sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gba ojú gbòǹgbò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni yóò pinnu ohun tí yóò hù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì awọ erìgì ló ṣíwájú, awọ lásán la máa rí. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹran inú erìgì, gbòǹgbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dànù. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì egungun, eyín á lẹ̀ pinpin mọ́ egungun láìsí fọ́nrán láàárín wọn, ìyẹn kì í sì í ṣe ire fún eyín. Àfi bó bá jẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú fọ́nrán tó kù ní ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú, kí cementum, fọ́nrán àti egungun tó jọ hù pọ̀.

Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Awọ erìgì ni. Ìyẹn ni gbogbo wàhálà wa. Ní 1982, Nyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dínà fún awọ náà lára eyín ènìyàn, kí sẹ́ẹ̀lì fọ́nrán lè ráyè gòkè, ó sì ṣeé ṣe. Dídínà fún ẹni tí a kò fẹ́ nìyẹn. Growth factor ń ṣe é láti apá kejì: ó ń pe ẹni tí a fẹ́ kó yára wá. Lọ́pọ̀ ìgbà a máa ń lo méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Stanley Cohen, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ èkúté tuntun ní ohun kan tó fà yọ láti inú ẹ̀yà ara tí itọ́ ti ń sun lára èkúté àgbà. Ojú àwọn ọmọ èkúté yẹn là ní nǹkan bí ọjọ́ 7, nígbà tí ojú àwọn yòókù máa ń là láàárín ọjọ́ 12 sí 14. Eyín wọn náà tètè yọ. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ eyín ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀! Cohen tọpa ohun tó fà á, ó sì bá purotéènì kan. Òun àti Rita Levi-Montalcini, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 fún ìwádìí lórí growth factor.

Ní 1965, Marshall Urist tẹ ìtàn tirẹ̀ jáde. Ó fi ásíìdì fọ kálísíọ̀mù kúrò lára egungun, ó wá fi èyí tó kù sínú iṣan ẹranko. Inú iṣan o, níbi tí egungun kì í hù sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, egungun tòótọ́ hù níbẹ̀. Ohun tó fara pamọ́ sínú egungun náà tó ṣe iṣẹ́ yẹn ni wọ́n wá ń pè ní BMP, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí egungun hù.

Ìkẹta wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí a bá gé lọ́wọ́, àwọn platelet tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì máa ń tú ohun inú wọn sílẹ̀ sójú ọgbẹ́. PDGF wà lára ohun tí wọ́n ń tú jáde. Òun ló ń pe sẹ́ẹ̀lì wá sójú ọgbẹ́, tó sì ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i.

Àwọn tó wà lọ́wọ́ wa lónìí

PDGF tí wọ́n ṣe ní ilé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ní 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ìdí eyín. Ó wà ní ìwọ̀n 0.3 mílígíráàmù nínú mìlílítà kan, a ó pò ó mọ́ hóró kéékèèké bí iyanrìn tí wọ́n fi beta-TCP, ìyẹn èròjà kálísíọ̀mù kan, ṣe. Nínú ìdánwò tó ṣáájú ìfọwọ́sí náà, ènìyàn 180 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó gba 0.3 ní egungun tuntun tó ga tó mìlímítà 2.6, àwọn tó gba beta-TCP nìkan ní 0.9. Ihò egungun kún dé ìdá 57 nínú 100 fún àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 18 péré fún àwọn ti ìkejì. Ó dára. Àwọn kan tún wà tí wọ́n gba mílígíráàmù 1.0, ìyẹn lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé tiwọn wá pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ? Rárá. Egungun tiwọn kò tó ti àwọn tó gba 0.3. Bí iṣẹ́ tí a rán bá ti pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì kì í dáhùn sí i mọ́. Nítorí náà, ẹ má fi kún ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara ìgò, ẹ má sì fi omi là á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni FGF-2, growth factor mìíràn. Japan fọwọ́ sí i ní 2016 pẹ̀lú orúkọ trafermin, ní 0.3%. Wọ́n ti dán 0.2, 0.3 àti 0.4 wò, 0.3 tó wà láàárín ló mú èso jáde jù.

Emdogain ń kọ́? Inú eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa purotéènì rẹ̀ yọ, amelogenin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì ni. Ó ti wà lọ́wọ́ wa láti àárín ọdún 1990 sókè, ìwádìí lórí rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Ní tòótọ́, kì í ṣe growth factor kan pàtó, ṣùgbọ́n ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì fọ́nrán hùwà bíi pé eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá. Ẹ sọ fún aláìsàn pé láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ló ti wá kó tó gorí àga. Ẹ̀sìn ẹlòmíràn kò fàyè gbà á, òun ló sì ni ẹnu rẹ̀.

BMP-2 lágbára ju gbogbo wọn lọ nídìí egungun. Òun ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní 2007, FDA fọwọ́ sí i fún gbígbé egungun sókè nísàlẹ̀ ihò atẹ́gùn òkè ẹnu, àti fún egungun tó ti fà sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti yọ eyín, kí a lè fi eyín àtọwọ́dá sí i. Wọn kò fọwọ́ sí i fún ìdí eyín tó ṣì wà láàyè. Kí nìdí? Ẹ rántí Melcher. BMP-2 ń pe sẹ́ẹ̀lì egungun tagbáratagbára, bí egungun bá sì ṣíwájú fọ́nrán dé gbòǹgbò, eyín á lẹ̀ mọ́ egungun, gbòǹgbò rẹ̀ á sì máa jẹ. Bí ẹ bá máa lò ó níbi tí ó yẹ, 1.5 mílígíráàmù nínú mìlílítà kan ni. Ẹ rẹ kànìnkànìn kọ́lájínì sínú rẹ̀ kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí purotéènì náà lè dì mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ. Ẹni tó bá fi í sí láìdúró, tó tún fún kànìnkànìn náà lọ́wọ́, ó ti fún oògùn dànù. Ẹ sọ fún aláìsàn ṣáájú pé ẹnu rẹ̀ lè wú gan-an.

Èyí tí a lè fà láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀

PRF nìyí, ìyẹn ohun tó dì tí a ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀. Choukroun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Faransé ní 2001. Kò gba ohun púpọ̀, àfi ẹ̀jẹ̀, ìgò, àti ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò gíláàsì mìlílítà 10 tí kò ní oògùn tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀. Bí ìdérí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá sọ pé EDTA tàbí citrate wà níbẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. PRF kò ní í dì nínú rẹ̀ láé. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kí ìgò wọ inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìgò kan kò gbọ́dọ̀ dá wà; ẹ fi òmíràn tí wọ́n jọ wúwo bákan náà dojú kọ ọ́. Ìlànà àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ yí ìgbà 2700 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 12. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò dọ́gba. Bí apá ẹ̀rọ yín bá gùn ju ti ẹlòmíràn lọ, ìyí 2700 kan náà á tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ìwọ̀n agbára tí wọ́n ń kọ ní g (kì í ṣe gíráàmù) ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Nǹkan bí 400 g ni ti ìlànà yẹn.

Nígbà tó bá dúró, ẹ wo ìgò náà dáadáa. Omi ràyìràyì tó pọ́n bí oyin wà lókè, ẹ̀jẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀, àárín wọn sì ni èyí tí a ń wá: ohun kan tó dì, tó funfun díẹ̀, tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá fi ẹ̀mú mú un. Ibi tó ti pàdé pupa gan-an ni platelet àti sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ sí jù. Ẹ gé pupa kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀nba tẹ́ẹ́rẹ́ pupa sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá gé e mọ́ tónítóní títí tí pupa kankan kò fi kù, ibi tó dára jù ló gé sọnù yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní jẹ́jẹ́ sínú àpótí rẹ̀ kó di awẹ́, kó má gbẹ, kí ẹ tó fi í sí ìdí eyín. Inú awẹ́ yìí ni growth factor ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ìgò bá pẹ́ lórí tábìlì kó tó wọ ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì káàkiri, ohun tí ẹ máa rí kò ní í ju ègé kéékèèké lọ. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ bi í kí ẹ tó gun un lábẹ́rẹ́.

Lórí àga

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó ronú kan growth factor, gbogbo ẹnu gbọ́dọ̀ mọ́. Èérí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 ojú eyín lọ, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi nǹkan tútù yẹ eyín wò bóyá iṣan inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bó bá ti kú tí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo inú eyín náà. Bí eyín bá ń mì gan-an, ẹ so ó mọ́ èkejì rẹ̀.

Ẹ wo ihò egungun náà nínú ẹ́síréè. Ihò tó jìn tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ògiri egungun mẹ́ta sì yí i ká ló ń hù jù. Bí igun rẹ̀ kò bá ju dígírì 25 lọ, ìrètí wà. Bó bá ju 37 lọ, ìrètí kéré. Egungun tó lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ láìsí ògiri kò ní í padà pẹ̀lú growth factor kankan, kò sì tọ́ kí a gba owó aláìsàn lórí rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ abẹ, ẹ má ṣe gé ẹran ṣóńṣó tó wà láàárín eyín méjì ní àárín. Òun ni yóò bo ibẹ̀ padà. Ẹ kó gbogbo ẹran rírà kúrò nínú ihò, kí ẹ fi irin àti ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n fọ gbòǹgbò títí tí kò fi ní sí nǹkan tó le bí òkúta lára rẹ̀ mọ́. Bí Emdogain bá ni, ẹ fi EDTA 24% sójú gbòǹgbò fún ìṣẹ́jú méjì láti fọ ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò ṣàn án, kí ẹ sì fi jẹ́ẹ̀lì sí i lójú ẹsẹ̀, láti ìsàlẹ̀ gòkè. Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí: bí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá kọ́kọ́ bo gbòǹgbò kí jẹ́ẹ̀lì tó kàn án, purotéènì kò ní í lẹ̀ dáadáa. Ẹ ti rán òwú sílẹ̀ láìfà á mọ́ra kí ẹ tó fi jẹ́ẹ̀lì sí i, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi í sí tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá abẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá lo beta-TCP tàbí egungun, ẹ má kún un ju ògiri ihò lọ. Ohun tó bá yọ síta á ti erìgì sókè, ọgbẹ́ á ṣí. Ẹ rán an kí erìgì pàdé láìfà rárá, pẹ̀lú òwú tín-ín-rín 5-0 tàbí 6-0. Bí ẹ bá fa erìgì kó tó lè pàdé, ó máa ṣí ní ọjọ́ díẹ̀.

Ìgbà tí aláìsàn bá délé

Ẹ̀yin aláìsàn, ibi tó kàn yín nìyí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ máa fi chlorhexidine, omi oògùn tó ń pa kòkòrò ẹnu, 0.12% tàbí 0.2% yọ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ má fi ahọ́n tàbí ìka tọ́ ọ wò. Ẹ má jẹun líle lápá ibẹ̀. A máa yọ òwú láàárín ọjọ́ 10 sí 14.

Sìgá ń kọ́? Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò. Sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí erìgì kù, ó ń pa agbára sẹ́ẹ̀lì tí a ní kó wá ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì lè fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Ẹni tí ìtọ̀ súgà ń bá jà, kí HbA1c rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìwọ̀n súgà inú ẹ̀jẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn hàn, wà nísàlẹ̀ 7%. Aboyún, àti ẹni tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba BMP-2. Kí ẹni tó bá sì ti ní jẹjẹrẹ rí sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó gba growth factor kankan.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ má ki ọ̀pá ìwọ̀n síbẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yún wa láti wò ó. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so mọ́ gbòǹgbò kò tíì le, ọ̀pá yẹn á là á kọjá. Ẹ máa pe aláìsàn wá fọ ẹnu lóṣooṣù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ya ẹ́síréè ní oṣù kẹfà, kí ẹ tún ya òmíràn ní oṣù kejìlá ní igun kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nítorí igun tó bá yàtọ̀ lè fi egungun tí kò sí hàn yín.

Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè. Kí àwọn tó jẹ́ aláìsàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.